Bẹ́ǹṣì iṣẹ́ mi ń jó tí mo bá ń fá igi: ẹ gbà mí o

Tòní_Ń_Kọ́ṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìmọ̀ràn yín, òní ni mo kọ́kọ́ máa béèrè nǹkan.

Mo kan bẹ́ǹṣì kan lóṣù tó kọjá kí n lè yé ṣiṣẹ́ nílẹ̀, torí ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Igi 2x4 ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ àti férémù rẹ̀, plywood kan ṣoṣo ni mo fi bò ó lórí, ìṣó ni mo sì fi kàn án látòkè délẹ̀. Ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 150, ó fẹ̀ ní 60, ó ga ní 92.

Bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, kò sí wàhálà. Mo ti gun orí rẹ̀ rí, kò wó. Ṣùgbọ́n kí n ṣáà ti gbé ìfági lé pákó kí n máa tì í lọ, ijó ló máa bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń lọ síbí ló ń lọ sọ́hùn-ún. Tí mo bá ń fi ayùn rẹ́ igi, bákan náà ni.

Mo fẹ́ tú u palẹ̀ kí n tún un kàn. Èrò mi ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló tín-ín-rín, mo sì fẹ́ lọ ra igi 4x4. Ohun tí mo ní kò ju ayùn ọwọ́, òòlù, dírììlì oníbátìrì, ṣísẹ́lì kan, ìfági kan, tépù, súkúwẹ̀ àti kíláàǹpù méjì. Mi ò ní ẹ̀rọ ńlá kankan, owó rẹ̀ ò sì sí. Ṣé 4x4 yẹn á yanjú ẹ̀?

Ayùn_Mímú

Ìbéèrè méjì kí n tó sọ̀rọ̀. Ṣé gígùn rẹ̀ ló ń jó sí ni, àbí ìbú rẹ̀? Ṣé o sì fi ìdábùú so ẹsẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, àbí òkè nìkan lo ti so ó?

Tòní_Ń_Kọ́ṣẹ́

Gígùn rẹ̀ ni, sà. Òkè nìkan ni mo ti so ó. Mo rò pé ìdábùú ìsàlẹ̀ á máa kọ́ mi lẹ́sẹ̀.

Ẹnjiníà_Lẹ́yìn_Iṣẹ́

Má tíì ra 4x4 kankan.

Ẹsẹ̀ rẹ ò tín-ín-rín. Ìwọ náà lo sọ pé o gun orí rẹ̀ tí kò wó. Ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè kọ́ ló ń dà á láàmú, ohun tó ń tì í láti ẹ̀gbẹ́ ni. Wá igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, fi ìṣó kọ̀ọ̀kan kàn wọ́n nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o wá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Á fì. Igi náà ì báà nípọn bí òpó ilé, á ṣì fì, nítorí igun ló ń yí, igi ò tẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o kan mẹ́ta pọ̀ ní onígun mẹ́ta. Tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní mira àfi tí igi bá ṣẹ́ tàbí tí ìṣó bá yọ.

Dán an wò lónìí kí o tó tú ohunkóhun. Mú pákó kan, fi súkúrù méjì-méjì dè é mọ́ ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì náà, kó fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ láti igun òkè lápá kan dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ lápá kejì. Kí o wá fági lórí rẹ̀. Bí ijó bá dáwọ́ dúró, o ti mọ àìsàn nìyẹn, oògùn ló kù.

Bí o bá ní plywood tó ṣẹ́kù, tó nípọn tó mìlímítà 12, tí o sì fi súkúrù dè é yípo mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì àti igi òkè, iṣẹ́ kan náà ló máa ṣe. Plywood tí a dè yípo bẹ́ẹ̀ dà bí ọ̀pọ̀ onígun mẹ́ta tó wà nínú ara wọn.

Bàbá_Aláyùn

Ẹnjiníà, ẹ kú làákàyè. Ọ̀rọ̀ igun yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ọmọ yìí fi pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ parí ọ̀rọ̀. Tó bá wà níwájú, kò ní rí ibi tó máa fi kíláàǹpù mú pákó gígùn. Tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, á dí ibi tó yẹ kó máa ti àpótí irinṣẹ́ bọ̀. Ẹ̀yìn nìkan ló dáa fún, mo sì fẹ́ kó jẹ́ pé bó bá yọ ọ́ lọ́la, bẹ́ǹṣì á ṣì dúró.

Tòní, ohun tí o nílò ni ìgbànú. Ìgbànú ni pákó fífẹ̀ tí a fi di ẹsẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ lábẹ́ ojú bẹ́ǹṣì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25. Ìdí ni pé níbi tí pákó fífẹ̀ ti pàdé ẹsẹ̀, súkúrù òkè àti ti ìsàlẹ̀ jìnnà síra, nítorí náà ẹsẹ̀ ò ní rí àyè yí. 2x4 tí o lò ńkọ́? Ìṣó méjì tó súnmọ́ra bí eyín, kí ni wọ́n máa dá dúró?

Lẹ́yìn ìgbànú, fi ìdábùú sísàlẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀. Kò ní kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ á wọ abẹ́ rẹ̀. Tẹ́ pákó lé ìdábùú náà, kí o kó irinṣẹ́ tó wúwo jù sórí rẹ̀. Bẹ́ǹṣì tó fúyẹ́ á máa rìn káàkiri ilé kódà bí kò bá fì.

Nípa ẹsẹ̀, o ò nílò 4x4. Igi nínípọn bẹ́ẹ̀ kì í tètè gbẹ dé inú, ó sì máa ń là. Lẹ 2x4 méjì pọ̀ fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀kan gùn láti ilẹ̀ dé òkè, kí o gé èkejì sí wẹ́wẹ́: èyí tó kúrú fún ìsàlẹ̀, fi àyè sílẹ̀ fún ìdábùú, kí èyí tó gùn tẹ̀ lé e, kí o wá fi àyè ìgbànú sílẹ̀ lókè. Nígbà tí o bá lẹ̀ wọ́n tán, ihò ti wà nínú ẹsẹ̀ láìlo ṣísẹ́lì. Ìdábùú á jókòó lórí igi gan-an, súkúrù ò ní ru ẹrù kankan, kó kàn dì í mú ni. Má fi tépù wọn àyè yẹn o! Mú ìdábùú fúnra rẹ̀, gbé e síbẹ̀, kí o lẹ igi kejì mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o sì yọ ọ́ kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ. Tépù a máa parọ́, igi kì í parọ́.

Adékẹ́_Onípákó

Bàbá, mo kí yín o, ṣùgbọ́n ẹ má fi ihò dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Bẹ́ǹṣì tèmi ti di ọdún kẹfà báyìí, gọ́ọ̀mù funfun àti súkúrù lásán ni mo fi ṣe é. Pákó lé pákó ni, kò sí ihò kankan níbẹ̀, mo sì ń lu ṣísẹ́lì lórí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ohun tí kò yẹ kí Tòní tún lò ni ìṣó. Bí a bá ń mì í síwá sẹ́yìn, ṣe ló máa ń fẹ ihò ara rẹ̀, tó bá yá á rọra yọ jáde. Lo súkúrù, kí o sì kọ́kọ́ lu ihò kékeré fún un, tó sanra bí ọ̀pá àárín súkúrù láìka eyín rẹ̀ mọ́ ọn. Láìsí ihò yẹn, igi á là létí. Pákó àkọ́kọ́ tí súkúrù ń gbà kọjá, ihò tirẹ̀ ní láti fẹ̀ díẹ̀ sí i kí eyín má bàa mú un. Ìgbà náà ni súkúrù á lè fà wọ́n pọ̀ tí kò ní sí àlàfo láàárín.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Gọ́ọ̀mù tí o bá fi sí ẹnu igi, ibi tí ayùn ti gé e, itọ́ ni. Ẹnu igi máa ń mu gọ́ọ̀mù bíi kànrìnkàn, kò sì ní mú nǹkan kan. Ẹ̀gbẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ni gọ́ọ̀mù ti ń lágbára. Súkúrù náà kì í mú ẹnu igi dáadáa.

Kò_Sí_Ìkánjú

Àǹtí Adékẹ́, ẹ ò ì tíì kó ilé láti ọdún mẹ́fà yẹn nìyẹn. Bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ tèmi, gọ́ọ̀mù ni mo fi lẹ̀ ẹ́ yíká. Nígbà tí a fẹ́ kó jáde, kò gba ẹnu ọ̀nà. A yí i sọ́tùn-ún, a yí i sósì, a dà á dé. Ayùn ni mo fi gé e sí méjì níkẹyìn, ó sì dùn mí dọ́kàn.

Báyìí ni mo ṣe èkejì. Mo fi gọ́ọ̀mù àti súkúrù ṣe férémù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìyẹn ẹsẹ̀ méjì-méjì pẹ̀lú ìdábùú kúkúrú wọn. Ṣùgbọ́n ìgbànú gígùn àti ìdábùú gígùn, bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni mo fi dè wọ́n. Bóòtù mìlímítà 10, méjì ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú wọ́ṣà fífẹ̀ kí nọ́ọ̀tì má bàa wọ inú igi. Mo lè tú u palẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú.

Àǹfààní rẹ̀ kejì ni pé igi máa ń súnkì bó ṣe ń gbẹ sí i. Oríkèé tó fún lónìí á tú díẹ̀ lóṣù méjì sí i. Bóòtù, sípánà lo máa mú. Súkúrù tó bá ti jẹ ihò rẹ̀ kò ní àtúnṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá_Aláyùn

Mo fara mọ́ ti Kò_Sí_Ìkánjú. Ihò inú ẹsẹ̀ tí mo sọ, àti bóòtù láti fi dì í mú. Adékẹ́, tìẹ náà dára, ọ̀nà kan ò wọjà. Ṣùgbọ́n sọ òótọ́: báwo ni ìgbànú tìẹ ṣe fẹ̀ tó?

Adékẹ́_Onípákó

Sẹ̀ǹtímítà 28 😂 Ẹ ti mú mi, Bàbá.

Tòní_Ń_Kọ́ṣẹ́

Ẹ̀yin àgbà, mo ti dán pákó ẹ̀yìn wò. Súkúrù mẹ́rin péré ni mo lò, ijó yẹn dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa tún un kàn bí Bàbá ṣe wí.

Ó ku nǹkan méjì. Báwo ni kó ṣe ga tó? Kí sì ni kí n fi ṣe ojú rẹ̀? Plywood tó wà níbẹ̀ máa ń rì bí mo bá lu nǹkan lórí ẹ̀.

Ìyá_Bọ̀dé

Gíga ni tèmi, torí ó ti fìyà jẹ mí. Gbogbo ènìyàn ló máa sọ fún ọ pé sẹ̀ǹtímítà 90. Èmi kò ga, mo gbà wọ́n gbọ́, èjìká mi sì san owó rẹ̀. Bí bẹ́ǹṣì bá ga jù, apá nìkan lo máa fi ti ìfági. Bó bá rẹlẹ̀ bó ṣe yẹ, gbogbo ara rẹ lo máa fi tì í, láti itan wá.

Dìde dúró, wọ bàtà tí o fi ń ṣiṣẹ́, jẹ́ kí apá rẹ sọ̀ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Kí ẹlòmíràn wọn ọ láti ilẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ rẹ ti ń ṣẹ́, lókè àtẹ́lẹwọ́. Ibẹ̀ ni kí ojú bẹ́ǹṣì wà. Tèmi jẹ́ 76.

Ayùn_Mímú

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, Ìyá Bọ̀dé. Tó bá jẹ́ fífá igi ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó tún lè rẹlẹ̀ ju ibẹ̀ lọ, títí dé oríkèé ìka. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ iṣẹ́ wẹ́wẹ́, bíi fífi ṣísẹ́lì gbẹ́ ihò tàbí fífi ayùn kékeré gé oríkèé, ibẹ̀ á rẹlẹ̀ jù, ọrùn á máa ro ó. Ohun tí èmi ṣe ni pé mo ṣe bẹ́ǹṣì rírẹlẹ̀, mo wá kan àpótí kékeré kan tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 tí mo máa ń gbé lé e bí iṣẹ́ wẹ́wẹ́ bá dé. Ó rọrùn láti gbé bẹ́ǹṣì rírẹlẹ̀ sókè ju kí a gé èyí tó ga lọ.

Adékẹ́_Onípákó

Ojú bẹ́ǹṣì: plywood méjì, mìlímítà 18 kọ̀ọ̀kan, lẹ̀ wọ́n pọ̀. Fi súkúrù láti ìsàlẹ̀ dì wọ́n mú, kí irin má bàa wà lójú òkè. Gbé ẹrù lé e di ọjọ́ kejì. O ti ní mìlímítà 36 tó tẹ́jú, tí kì í súnkì, tí kò sì ní lọ́. Àárọ̀ kan lo fi máa ṣe é. Bí o bá fẹ́, fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí o lè pààrọ̀ bo òkè rẹ̀. Má lo MDF, pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, tí omi bá lè débẹ̀, á wú bíi búrẹ́dì.

Bàbá_Aláyùn

Plywood dára fún ẹni tó ń kánjú. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ ojú tó jẹ́ pé bí o bá lu ṣísẹ́lì lórí rẹ̀, òòlù ò ní ta padà, 2x4 ni kí o gbé dúró lórí ẹ̀gbẹ́, kí o lẹ̀ wọ́n pọ̀ bí ojú ìwé. Ó máa nípọn tó mìlímítà 80 lẹ́yìn tí o bá fá a tán. Ọdún mẹ́wàá sí i, bí ojú rẹ̀ bá ti bàjẹ́, fá a lẹ́ẹ̀kan sí i, á di tuntun. Fún sẹ̀ǹtímítà 60, ra igi 12.

Ìyá_Bọ̀dé

Bàbá, ẹ má bínú, 12 ò ní tó. 2x4 tí wọ́n bá ti fá kì í nípọn ní íǹṣì 2 mọ́. Mìlímítà 38 ni, íǹṣì kan ààbọ̀, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 89. 12 lọ́nà 38, sẹ̀ǹtímítà 45 àti díẹ̀ ni. Igi 16 ló máa fún un ní 60.

Bàbá_Aláyùn

Ẹ ṣeun, Ìyá Bọ̀dé. Pákó tí a kò tíì fá ni mo ń rò lọ́kàn, irú èyí tí mo fi kọ́ṣẹ́. Tòní, 16 ni. Kí o sì fi tépù wọn èyí tí wọ́n bá tà fún ọ kí o tó gbà á.

Tòní_Ń_Kọ́ṣẹ́

16 kẹ̀! Pẹ̀lú kíláàǹpù méjì?

Kò_Sí_Ìkánjú

Ó ṣeé ṣe. Má lẹ gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan o, gọ́ọ̀mù funfun á ti bẹ̀rẹ̀ sí dì láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 10, ọwọ́ rẹ á ṣì wà lórí igi kẹta. Lẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fi gọ́ọ̀mù sí i, gbé e lé èyí tó wà nílẹ̀, kí o fi súkúrù tó gùn ní mìlímítà 65 fà á mọ́ ọn ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 20. Súkúrù ni kíláàǹpù rẹ nìyẹn. Rì orí wọn wọnú igi, kí èyí tó ń bọ̀ lè jókòó dáadáa.

Nǹkan mẹ́ta ni kí o ṣọ́. Súkúrù gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, jìnnà sí ojú òkè, kí ìfági má bàa kan irin. Kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí o máa lu ihò sí lọ́jọ́ iwájú, má fi súkúrù síbẹ̀. Kí o sì wo ẹ̀gbẹ́ pákó kọ̀ọ̀kan, kí o rí ọ̀nà tí ìṣàn igi, ìyẹn àwọn ìlà tó wà lára rẹ̀, ń gbà lọ, kí gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà. Bí méjì bá kọjú sí ara wọn, bí o ṣe ń fá ọ̀kan lo máa ya èkejì.

Igi_Tútù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi tí orúkọ mi ti sọ tán. Mo ra igi lọ́jọ́ Jímọ̀, mo kan bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ Sátidé. Igi náà ṣì tutù nínú. Mo fi súkúrù de ojú rẹ̀ mọ́ férémù pinpin, níwájú àti lẹ́yìn. Nígbà tó fi máa di oṣù mẹ́ta, ojú náà ti là láàárín, mo lè ti owó ẹyọ wọ inú rẹ̀.

Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì ní gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ ló ń yí padà bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ tàbí bó bá tutù. Bí o bá dè é níwájú dè é lẹ́yìn, kò ní ibi tó máa lọ, àfi kó là. Ìgbànú iwájú ni kí o dè é mọ́ pinpin. Ti ẹ̀yìn, ṣe ni kí o fa ihò súkúrù gùn díẹ̀ sí ọ̀nà ìbú bẹ́ǹṣì, kí o fi wọ́ṣà sí i, kó lè rìn. Plywood nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kò kàn.

Bí o bá sì ra igi, kó wọn sínú yàrá tí o máa ti lò wọ́n, fi igi wẹ́wẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Bí o kò bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo omi inú igi, gbé pákó kan lé òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá fúyẹ́ sí i mọ́, ó ti gbẹ dé ìwọ̀n yàrá yẹn.

Ọmọ_Ìyẹ̀fun_Igi

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó burú kí èèyàn lo igi pálẹ́ẹ̀tì, pẹpẹ tí wọ́n ń to ẹrù lé? Ọ̀fẹ́ ni mo ti ń rí i.

Ayùn_Mímú

Wo òǹtẹ̀ ara rẹ̀. Bí o bá rí HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀, lò ó. Bí o bá rí MB, oògùn olóró ni wọ́n fín sí i, fi í sílẹ̀. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀ tàbí tí nǹkan ti dà sí lára, má gbé e wọlé. Wá gbogbo ìṣó inú rẹ̀ kí ayùn rẹ tó wá a fún ọ. Pẹpẹ ìsàlẹ̀ ló dára fún. Mi ò ní fi ṣe ẹsẹ̀.

Ẹnjiníà_Lẹ́yìn_Iṣẹ́

Tòní, kí o tó fún bóòtù le, wọn bẹ́ǹṣì náà láti igun dé igun, lọ́nà méjèèjì. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, ó gún. Bí ọ̀kan bá gùn jù, ti igun èyí tó gùn sínú díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ igun kan ṣoṣo lo fẹ́ wò tí o ò sì gbẹ́kẹ̀ lé súkúwẹ̀ rẹ, wọ̀n ọ́n láti igun náà, sàmì sí sẹ̀ǹtímítà 60 lápá kan, 80 lápá kejì. Láti àmì dé àmì gbọ́dọ̀ jẹ́ 100 gééé.

Jẹ́ kí ojú ìgbànú iwájú, ojú ẹsẹ̀ iwájú àti etí ojú bẹ́ǹṣì wà lórí ìlà kan náà, kí ọ̀kan má yọ ju èkejì lọ. Bí o bá fẹ́ fá etí ilẹ̀kùn tàbí pákó gígùn, ṣe lo máa gbé e ti iwájú bẹ́ǹṣì tí wàá fi kíláàǹpù mú un mọ́ ẹsẹ̀. Bí ojú bẹ́ǹṣì bá yọ síta, kò ní ṣeé ṣe.

Adékẹ́_Onípákó

Fáìsì, irinṣẹ́ tí a ń yí kó lè di igi mú mọ́ bẹ́ǹṣì, ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ ẹ̀. Bó o bá ń lo ọwọ́ ọ̀tún, apá òsì ni kó wà, kó súnmọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì kó má bàa máa mì.

Bàbá_Aláyùn

Kó má tíì ra fáìsì. Kó lu ihò mìlímítà 19 tàbí 20 sójú bẹ́ǹṣì, kó gbẹ́ igi roboto méjì tó máa wọ̀ ọ́, kó máa fi pákó ti ara wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ á sọ irú fáìsì tó yẹ fún un. Mo mọ ẹni mẹ́ta tó ra fáìsì olówó ńlá tí wọ́n fi ń so ẹ̀wù iṣẹ́ kọ́.

Tòní_Ń_Kọ́ṣẹ́

Ó ti pẹ́ tí mo ti wá síbí kẹ́yìn. Mo kó igi pamọ́ sínú yàrá fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo ń wọ̀n ọ́n bí Igi_Tútù ṣe sọ. Mo ti to férémù pọ̀ báyìí, gíga rẹ̀ á jẹ́ 84. Àmọ́ ẹsẹ̀ kan ò kan ilẹ̀! Àlàfo bíi mìlímítà 4. Mo ti gbé ayùn, mo ní kí n gé àwọn mẹ́ta yòókù.

Bàbá_Aláyùn

GBÉ AYÙN YẸN SÍLẸ̀.

Mo ti rí ẹni tó gé ẹsẹ̀ tábìlì báyìí, gé tibí, gé tọ̀hún, títí tó fi di àpótí ìjókòó. Kọ́kọ́ yí bẹ́ǹṣì náà, kí apá òsì di ọ̀tún. Bó bá jẹ́ igun ilẹ̀ kan náà ni àlàfo ti ń hàn, ilẹ̀ rẹ ni kò tẹ́jú. Bó bá jẹ́ pé àlàfo ń bá ẹsẹ̀ kan náà rìn, férémù ló lọ́.

Ìyá_Bọ̀dé

Kí o tú bóòtù díẹ̀ náà, Tòní. Ó lè jẹ́ pé o ti fún un le nígbà tí kò tíì jókòó dáadáa. Tú u, jẹ́ kó fi ara rẹ̀ balẹ̀, kí o tún un fún.

Tòní_Ń_Kọ́ṣẹ́

Ilẹ̀ ni o! Mo yí i, àlàfo kò kúrò lójú kan. Mo tú bóòtù náà, ó sì dín kù sí mìlímítà 2. Mo fi igi pẹlẹbẹ kan sábẹ́ ẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ yẹn.

Ayùn_Mímú

Ó dáa. Kí o tó fá ojú rẹ̀, wá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó gún régé, tó sì dọ́gba. Gbé ọ̀kan sí ìpẹ̀kun kan, èkejì sí ìpẹ̀kun kejì, bẹ̀rẹ̀ kí o fi ojú kan wo orí wọn láti ẹ̀yìn. Bí ìlà méjèèjì kò bá bára mu, ojú bẹ́ǹṣì lọ́, igun tó ga ni kí o kọ́kọ́ fá. Fi ìfági gba ìbú rẹ̀ kọjá ní àkọ́kọ́, kí o tó wá fá a ní gígùn. Pa ìlà pẹ́ńsùlù káàkiri ojú rẹ̀, ibi tí ìlà bá ṣẹ́kù sí ni ó rì.

Adékẹ́_Onípákó

Lẹ́yìn fífá, òróró lísíìdì lásán ti tó. Fi aṣọ pa á, dúró díẹ̀, kí o nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò. Má kun fánísì tó ń dán, pákó á máa yọ̀ lórí ẹ̀.

Ẹnjiníà_Lẹ́yìn_Iṣẹ́

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ parí ọ̀rọ̀ yẹn fún un. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Tòní, aṣọ tí o fi pa òróró lísíìdì yẹn, má ká a jọ, má sì jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Bí òróró náà ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru jáde, bí aṣọ bá ká jọ, ooru ò ní rí ọ̀nà lọ, aṣọ náà lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Tẹ́ ẹ síta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí á fi gbẹ, kó le bíi páálí, tàbí kí o rì í sómi.

Tòní_Ń_Kọ́ṣẹ́

Ó ti parí! Fífá ojú rẹ̀ gbà mí ní ọjọ́ méjì, ọwọ́ mi bó. Èmi nìkan ò lè gbé e mọ́, mo sì ń fági lórí rẹ̀ láìsí pé ife omi tí mo gbé sí ìpẹ̀kun rẹ̀ ń mì.

Mo ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan. Kò_Sí_Ìkánjú ní kí n sàmì sí ibi ihò kí n má fi súkúrù síbẹ̀. Mo sàmì sí i lóòótọ́, ara igi tí igi kejì bò mọ́lẹ̀ ni mo sàmì sí. Ihò kẹta, irin dírììlì mi kan súkúrù, ó sì kú síbẹ̀.

Kò_Sí_Ìkánjú

Á, pẹ̀lẹ́ o 😂 Fi igi roboto dí ihò yẹn, kí o lu òmíràn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí i. Ṣé o ti fún àwọn bóòtù le lẹ́ẹ̀kejì?

Tòní_Ń_Kọ́ṣẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn tán ni. Méje nínú wọn yí tó ìdajì. Ìkẹjọ kò mira rárá.

Bàbá_Aláyùn

Ìkẹjọ yẹn, wo wọ́ṣà rẹ̀ bóyá o rántí fi sí i.

Tòní_Ń_Kọ́ṣẹ́

Mi ò fi sí i, sà. Nọ́ọ̀tì náà ti rì sínú igi. Mo ń lọ tú u.